Báàfù Omi Ewé Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Adìẹ Mi

Ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà pa adìẹ lágbègbè wa. Ọ̀kan ni kí ó fi ọ̀bẹ sí i lọ́rùn. Èkejì ni kí ó gba gbogbo ẹbí láàyè láti máa wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀nà kejì yìí ni mo fi pa igba adìẹ tí mo kọ́kọ́ sìn, wọ́n sì kú tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, nítorí kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a kò gbàdúrà lé lórí.

Olùkọ́ ni mí. Ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé girama ní Èjìgbò, nítorí náà kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ fún mi nípa kòkòrò àìfojúrí. Ohun kékeré tí mi ò mọ̀ kò ju bí wọ́n ṣe ń sin adìẹ lọ. Mo kọ́ ilé adìẹ náà sẹ́yìn ilé ẹbí wa lọ́nà ìlú Ola, lórí ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá. Bàbá gbé Abidjan fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó padà wálé. Oníṣòwò ńlá ni wọ́n níbẹ̀, bí gbogbo ará Èjìgbò tó ti Abidjan dé ṣe máa ń jẹ́ oníṣòwò ńlá. Mi ò tíì pàdé ẹnì kan ṣoṣo tó lọ síbẹ̀ lọ gba iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe. Òwò yìí ni Bàbá fi rán mi níwèé títí dé yunifásítì, nígbà tí bàbá tó bí mi ti kú.

Láràárọ̀, Bàbá á kọ́kọ́ tú adìẹ ìbílẹ̀ tiwọn sílẹ̀, wọ́n á tẹ ìgbẹ́ wọn mọ́lẹ̀ dáadáa, wọ́n á wá fi bàtà kan náà wọlé tọ tèmi láti súre fún wọn. Nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀, Bàbá fi kún àdúrà, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni wọ́n ń wọlé. Nígbà tí adìẹ sì tán, wọ́n bá mi kẹ́dùn, wọ́n ní ayé ló ṣe é.

Dókítà ẹran kò gbà pé ayé ló ṣe é. Ọmọbìnrin kan ni, tó ń gun alùpùpù kiri oko láti Èjìgbò dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ó wo bàtà Bàbá, ó wò mí. Ó ní tí mo bá tún fẹ́ kó adìẹ, kí n gbé báàfù omi apakòkòrò sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má wọlé láìki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Mo ra oògùn náà, èyí tó máa ń funfun bíi wàrà tí wọ́n bá dà á sómi, tí òórùn rẹ̀ lè jí ẹni tó dákú. Mo sì kó ọgọ́rùn-ún adìẹ mìíràn, àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n máa yé. Iṣẹ́ olùkọ́ ti sú mi. Lẹ́tà tí màá fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ti wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, ẹyin àwọn adìẹ wọ̀nyí ló ń dúró dè. Tí wọ́n bá kú, ó di kí n máa máàkì ìwé àwọn ọmọ títí ojú mi á fi fọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbóòórùn, wọ́n dúró.

"Kí lelèyí?"

"Bàbá, omi apakòkòrò ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó wọlé."

"Omi ilé ìgbẹ́."

"Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ yín dọ̀tí o, Bàbá."

"Jamais," ni wọ́n wí. "Láéláé" ni ìtumọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ Faransé tí wọ́n máa ń lò nìyẹn tí wọn ò bá fẹ́ àríyànjiyàn. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ dá báàfù náà kọjá tàgbàtàgbà, wọ́n wọlé lọ súre.

Nígbà tí Bàbá jáde, mo gbé àga fún wọn, mo jókòó tì wọ́n, mo kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Mo ya kòkòrò àìfojúrí sórí ilẹ̀ pẹ̀lú igi, mo ṣàlàyé bí omi funfun náà ṣe ń bó o lára tí ó fi ń kú. Ẹ̀kọ́ náà dán mọ́rán. Bàbá gbọ́ ọ tán, wọ́n dìde, wọn ò sì ki ẹsẹ̀ bọ omi.

Ta ló máa lé onílẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ ẹ̀? Dókítà ẹran ní tó bá jẹ́ òórùn ló ń bí Bàbá nínú, kí n gbìyànjú ewé: efinrin àti dóńgóyárò, kí n sè é kó ki, kí n máa pààrọ̀ rẹ̀ láràárọ̀. Ó ní àwọn ewé yìí ń pa lára kòkòrò náà, ṣùgbọ́n ewé tàbí oògùn òyìnbó, kò sí èyí tó ń ríran rí ohun tó wà lábẹ́ ẹrẹ̀, nítorí náà kí wọ́n máa fọ ẹsẹ̀ àti ilẹ̀ ná. Mo gbọ́ apá àkọ́kọ́ dáadáa.

Omi ewé dùn mọ́ Bàbá. Wọ́n ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́, wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n dijú. "Èyí ni wọ́n ń pè ní omi," ni wọ́n wí. Lọ́jọ́ kejì wọ́n mú ọ̀rẹ́ wọn kan ní mọ́ṣáláṣí wá, tí orúnkún ń dùn. Orúnkún náà fúyẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìlà ti tò sẹ́nu ọ̀nà mi. Ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ là dé, ẹni tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ń yún dé. Ìyá ìjọ kan gbé ìgò wá láti bu díẹ̀ lọ fún ọkọ rẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní àdúrà ló wà nínú omi náà, àwọn mùsùlùmí ní ewé ni, wọ́n sì jọ ń fi ẹsẹ̀ ro ó pọ̀ nírẹ̀pọ̀. Torí pé kò bójú mu kí ènìyàn wẹ ẹsẹ̀ tán kó má kí àwọn adìẹ, gbogbo wọn ló ń wọlé kí wọn. Tó bá fi máa di ọ̀sán, omi náà á ti dà bí èyí tí mẹkáníìkì fọ aṣọ nínú rẹ̀.

Mo gbé báàfù síbẹ̀ kó lè dá ìdọ̀tí dúró, òun ló wá ń ránṣẹ́ pè é láti gbogbo abúlé. Kí ló dé tí mi ò fi sọ̀rọ̀? Wọ́n ti ń pè mí ní dókítà, ó sì dùn mọ́ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́bọ̀ kan mo bá adìẹ mẹ́rin ní igun, tí wọ́n ju ìyẹ́ sílẹ̀, tí ìgbẹ́ funfun lẹ̀ mọ́ wọn nídìí. Tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, méjì ti kú, mẹ́sàn-án mìíràn ti ń tòògbé. Mo sáré pe dókítà ẹran. Ó dé, ó ti igi bọ ìsàlẹ̀ báàfù, ó yọ ẹrẹ̀ jáde.

"Ewé yín kọ́ ló jẹ̀bi, Mà. Orí ẹrẹ̀ lẹ̀ ń dà á sí."

Ó fún àwọn tó ń ṣàìsàn lóògùn. Ó ní kí n kó gbogbo èèrún pákó ilẹ̀ jáde, kí n fi ọṣẹ fọ ibẹ̀ títí sìmẹ́ńtì á fi hàn, kí n tó da omi ewé sí i. Nígbà tó lọ tán, mo bú sẹ́kún níwájú Bàbá.

"Bàbá, ẹsẹ̀ ló ń pa wọ́n," ni mo wí. "Ẹsẹ̀ tiyín náà wà níbẹ̀. Òun náà ló pa ti àkọ́kọ́."

Mi ò bá wọn sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.  Wọ́n bọ́ bùbá, wọ́n ká ṣòkòtò dé orúnkún, wọ́n ní kí n gbé búrọ́ọ̀ṣì wá.

Ẹnu ọ̀nà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́, bí ẹni tó kàwé. Wọ́n gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi. Wọ́n lọ sí igun tó jìnnà jù, wọ́n fọ ògiri láti òkè wá sílẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n sì ń fọ ilẹ̀ bọ̀ sẹ́yìn, ìwọ̀n apá kan lẹ́ẹ̀kan, láìtún fi ẹsẹ̀ kan ibi tí wọ́n ti fọ̀. Wọ́n fi ìka we àkísà, wọ́n fi fa ìdọ̀tí inú kọ̀rọ̀ jáde. Omi kò ta sí ṣòkòtò wọn. Kò sí òwò kankan tó ń kọ́ ènìyàn nírú iṣẹ́ yẹn.

"Bàbá, níbo lẹ ti kọ́ ọ?"

Wọn ò gbójú sókè. "Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Abidjan. Ilé ìgbẹ́ ogójì. Omi funfun yẹn náà ni wọ́n ń fún wa. Mo lè wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó jẹun, òórùn ẹ̀ ni n ó máa gbọ́ lára òkèlè." Wọ́n fún àkísà. "Ọdún tó o wọ yunifásítì, mo gba iṣẹ́ òru mọ́ tọ̀sán."

Adìẹ mẹ́jọ ló kú lápapọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún náà. Àwọn tó kù ti ń yé, mo sì ti mú lẹ́tà mi lọ fún ọ̀gá ilé ìwé. Bàbá ló ń jókòó ti báàfù báyìí, pẹ̀lú ọṣẹ àti kànrìnkàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bàbá fúnra wọn ló ń kọ́kọ́ bọ́ bàtà, wọ́n á fọ ẹsẹ̀, wọ́n á wá kì í bọ omi ewé. Tí aláàrùn orúnkún bá dé, wọ́n á ní kó lọ sílé ìwòsàn.

Mo ti gbé oògùn funfun náà kúrò nílé. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ wọn lọ́jọ́ náà ni kò ṣe é gbé kúrò. Mo fi igi yàwòrán, mo ṣàlàyé ohun tí omi náà ń ṣe sí kòkòrò fún ẹni tó fi ọwọ́ rẹ̀ sanwó ìwé tí mo ti kà á. Wọ́n jókòó, wọ́n gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn ò sì sọ pé àwọn mọ̀ ọ́n.