Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Mi àti Kọ̀ǹpútà Rẹ̀

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní Rosettenville, nílẹ̀ òkèèrè, kì í pa ohun tó bá ṣí lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé. "Tí mo bá pa á dé, mo lè má rí i mọ́," ni ó máa ń wí. Lọ́jọ́ kan, ó ń so àwọn fídíò ìsìnkú ìyá rẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, ìsìnkú tí kò ráyè lọ sí nílé, ni ẹ̀rọ náà bá dákú.

Mo ṣàlàyé pé bí mẹ́mọ́rì ẹ̀rọ bá kún, ẹ̀rọ náà máa ń yá àyè lò níbi tí fáìlì ń gbé, ṣùgbọ́n àyè yẹn náà lópin.

"Eish. Ọkọ mi, kí ni kí n wá ṣe?"

"Ẹ pa ìyókù dé."

Ó ń pa wọ́n dé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rọra ń kà wọ́n sókè bí ẹni ń dágbére. Nígbà tí fídíò náà ṣiṣẹ́, ó wò ó títí wọ́n fi da yẹ̀pẹ̀ bo pósí.

"Ó dáa," ni ó wí. "Mo ti sin wọ́n."