Ẹ̀rọ Ìránṣọ Tí N Kò Jogún

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje ni, láàárọ̀ Sátidé. Àkókò yẹn ṣì wà lára fáìlì tó wà lórí fóònù mi, ìdí nìyẹn tó fi dá mi lójú. Nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé wọn ní Mushin, ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi ìka kọ orúkọ wọn sórí fóònù mi, nísàlẹ̀ ìwé ìhágún tí mo bá wọn tẹ̀.

Wọn kò bímọ. Ọmọṣẹ́ wọn, obìnrin tó ti ń bá wọn gbé láti kékeré, ni wọ́n fẹ́ kó jogún ilé oníyàrá méjì náà, kí ẹbí má baà lé e jáde lọ́jọ́ kan. Wọ́n kọ ẹ̀rọ ìránṣọ wọn fún èmi, torí pé ìdí rẹ̀ ni mo máa ń sùn sí nígbà tí mo kéré.

Wọ́n yí fóònù náà wò. "Ìtọwọ́bọ̀wé. Ìwé wo ni ọwọ́ mi wá bọ̀ báyìí?"

"Àǹtí, ayé ti yí padà."

"Ṣé ó ti yí dé kọ́ọ̀tù?"

Mo rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Ajé, mo bi lọ́yà kan níbi iṣẹ́ wa ní Yaba. Ó ní òfin gba irú ìtọwọ́bọ̀wé bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ àdéhùn, àmọ́ ó yọ ìwé ìhágún sọ́tọ̀. Orí bébà ni wọ́n ń fọwọ́ sí i, níwájú ẹlẹ́rìí méjì tó jọ wà níbẹ̀, ẹlẹ́rìí tí wọ́n bá sì fún ní ogún nínú rẹ̀ yóò pàdánù ogún náà. Mo ka òfin náà fúnra mi kí n tó gbà.

Nírọ̀lẹ́, mo gbé bébà lọ bá wọn kí n lè fọwọ́ tún ìwé ìhágún náà kọ. Wọ́n ń lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọn kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dúró dìgbà tí wọ́n bá dé. Bàbá tó ń tún bàtà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù nìkan la rí ṣe ẹlẹ́rìí.

Mo ní, "Ẹ yọ orúkọ mi kúrò. Màá ṣe ẹlẹ́rìí kejì."

"Àbí ẹ̀rọ mi ò tó ogún lójú ìwọ akọ̀wé?"

"Rárá o, Àǹtí. Ilé ló ṣe pàtàkì jù."

"Ṣé òfin ní kí n má fún ẹ ní nǹkan nígbà tí mo ṣì wà láàyè?"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa, tìẹ ni láti ìsinsìnyí. Àmọ́ má gbé e o, aṣọ oníbàárà wà nídìí ẹ̀."

Bàbá oníbàtà bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Télọ̀, ẹ̀yin gan-an ni lọ́yà!"

N kò mọ ohun tí adájọ́ yóò sọ lọ́jọ́ tí wọn kò bá sí mọ́, n kò sì fẹ́ kí ọjọ́ náà yá. Ohun tí mo lè búra sí ni pé àwa mẹ́ta jọ wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà, pé wọ́n fi bírò kọ orúkọ wọn lójú wa, pé bàbá náà fọwọ́ sí i, tí èmi náà sì fọwọ́ sí i. Bí mo ṣe ń lọ, ọmọṣẹ́ wọn ti ilẹ̀kùn ilé náà láti inú.