Ọjọ́ Tí Fọlákẹ́ Kí Ìgbìmọ̀

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà ìjọba ológun, èmi ni igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ìwé àwọn olùkọ́ kan nílùú Ọ̀yọ́. Ìjọ wa ló rán mi lọ síbẹ̀, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí dòní. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń sọ pé àwa la lé olùkọ́ burúkú yẹn lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Olùkọ́ náà fipá bá Fọlákẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní, lò pọ̀ nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Fọlákẹ́ sọ fún mi, mo sọ fún ẹgbẹ́. A kọ̀, a ò wọ kíláàsì mọ́. Àwa obìnrin jókòó sẹ́nu géètì pẹ̀lú ewé lọ́wọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé Ọjà Akẹ̀sán, ojú ti àwọn aláṣẹ, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀.

Èmi ni mo mú Fọlákẹ́ wọlé síwájú wọn. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, wọ́n kọ́ ọ nílé. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ kú ìjókòó, sà. Ẹ kú iṣẹ́, mà." Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tójú rẹ̀ rí, láìsunkún.

Alága tẹjú mọ́ ọn. "Ìwọ ni wọ́n fipá bá lò?"

"Èmi ni, sà."

"O wá ráyè kí wa tó báyìí? Ẹni tírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, ilẹ̀ ló yẹ kó máa yí."

Ìyá kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rírun orí ẹ̀ ni? Ìyàwó ọ̀ṣìngín!"

"Ìyá mi ló dì í, mà. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ wá síwájú àgbà ní jákujàku."

Ara mi ò gbà á mọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí kò bá kí yín ńkọ́?"

Alága ò tiẹ̀ rò ó. "À bá mọ̀ pé kò lẹ́kọ̀ọ́. Irú wọn ló ń fẹsẹ̀ ara wọn wá wàhálà."

Wọ́n ní kò sí ẹ̀rí. Àwa náà ò kúrò ní géètì, títí wọ́n fi gbé olùkọ́ náà lọ sílé ìwé mìíràn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ṣe sẹ́ńdọ́ọ̀fù fún un, wọ́n fún un lẹ́bùn. Àwọn ẹgbẹ́ mi jó ní ṣọ́ọ̀ṣì pé a ti ṣẹ́gun. Ìṣẹ́gun wo? Ṣé kò sí ọmọbìnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni?

Fọlákẹ́ sá lọ bá àwọn ìbátan rẹ̀ lóko ní Ìrẹsà. Mo tọ̀ ọ́ lọ, mo ní ilé ìwé ti ní kó padà, kó gbàgbé ohun tó ti kọjá.

Ó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́, kò gbójú sókè. "Àǹtí, wọ́n ní kò ṣẹlẹ̀. Kí ni wọ́n wá ní kí n gbàgbé?"

Kò padà.

Mo dúpẹ́ pé Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ìwé tó yẹ kó kà, kò kà á. Alága fẹ̀yìn tì tayọ̀tayọ̀, olùkọ́ yẹn náà fẹ̀yìn tì. Ohun tí a ṣì jẹ Fọlákẹ́ ni pé kí ẹnì kan láti ilé ìwé yẹn lọ bá a, kó wí fún un pé òótọ́ ló sọ. Títí di àárọ̀ yìí, wọn ò tíì rán ẹnikẹ́ni.