Ìdì Ìrẹsì Bàbá Waliyullah

Nígbà tí Sírájúdéènì kú, ìdì ìrẹsì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé kẹ́yìn ni Ràfátù ìyàwó rẹ̀ so kọ́ ìṣó lẹ́nu ahéré oko wọn ní Àtàn-Ọ̀tà. Láràárọ̀, á kí i: "Bàbá Waliyullah, ẹ kú iṣọ́ o." Èmi tí oko ẹ̀gẹ́ mi bá tirẹ̀ pààlà, mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Mo ní ọkọ rẹ̀ ò ṣọ́ oko tó báyìí nígbà tó wà láyé.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìrẹsì tó wà nítòsí ahéré bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú. Mi ò ṣàsọdùn. Àmì aláwọ̀ eérú bo ara ewé, ó ṣe ṣóńṣó lápá méjèèjì bí ojú èèyàn, kò sì ṣẹ́jú. Ẹ̀rù bà mí, n kì í gba ibẹ̀ kọjá nírọ̀lẹ́ mọ́. Ràfátù ní ọkọ òun ló ń bínú pé òun fi í sẹ́nu ọ̀nà bí àlejò. Ẹbí ọkọ sì ti wí tiwọn: bí ìrẹsì náà ò bá so, wọ́n á ta ilẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ kọ́ iléeṣẹ́. Ló bá gbé ìdì náà lọ sí àárín oko, ó so ó mọ́ igi. Kò pẹ́ tí àwọn ojú yẹn fi yí igi náà ká.

Bùkúnmi, ọmọ ẹ̀gbọ́n Ràfátù tó ń kàwé ní yunifásítì lọ́nà Ìyànà Ìyẹsí, já ewé lọ yẹ̀ wò. Ó gbé àwòrán bọ̀ nínú fóònù.

"Màmá, irú olú kan ni, ojú lásán ò lè rí i. Inú koríko ìrẹsì gbígbẹ ló ń sá pamọ́ sí. Tí irúgbìn ẹ̀ bá balẹ̀ sórí ewé tútù, á yọ orí kan, á lẹ̀ mọ́ ọn. Á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara ẹ̀ fúnra ẹ̀."

"Ó ń jẹ ara ẹ̀?"

"Á jẹ inú ẹ̀ tán, á kó gbogbo agbára ẹ̀ sínú orí yẹn, ara tó kù á ṣófo, á kú. Orí yẹn láá gún ewé wọlé. Tí ò bá jẹ ara ẹ̀, kò lè wọlé."

Ràfátù wo awọ òfìfo inú àwòrán náà pẹ́. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Ó tú ìdì ọkọ rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra á: ìyàngbò lásán, kò sí hóró kan níbẹ̀. Ó ṣáná sí i.

"Ẹ má bínú, Bàbá Waliyullah," ó ń sunkún, "èmi ni mo gbé yín wọlé."

Eteetí oko nìkan ló so, ó ṣáà tó pa ẹbí lẹ́nu mọ́. Nígbà ìkórè, mo rí i lẹ́nu ahéré, ìdì tuntun lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń wo ìṣó tó ṣófo. Ó pẹ́ kó tó yí padà lọ lu ìdì náà pọ̀ mọ́ ìrẹsì ìyókù. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la sè é jẹ.