Ọjọ́ Tí Mo Gba Nọ́ńbà Gbọ́ Ju Ẹsẹ̀ Ìmísí Lọ

Lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, mo ń ṣa ẹ̀gúsí lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Japara, nílùú Ìjẹ̀bú-Igbó, nígbà tí ariwo kan ti inú yàrá jáde wá. Orin méjì ló ń sáré pọ̀, tí ọ̀kan ń gbá èkejì ní gìgísẹ̀, gbà-dà, gbà-dà, gbà-dà, bí ẹṣin tó yarọ. Tọ́lá ni, ọmọ àbúrò mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ díjéè. Ẹlòmíràn ìbá kàn kígbe sí i pé kó yí ariwo náà sílẹ̀. Èmi ò lè kígbe. Ojú ló tì mí. Mo gbé atẹ ẹ̀gúsí sílẹ̀, mo jókòó tì í, ara mi ń gbóná láti ọrùn dé etí, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń tì mí lójú ti lé ní ogún ọdún.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, n kò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹ bá mi gbọ́ ọ.

Tísà ni bàbá mi, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í rìn láìwọ bàtà, ìbáà ṣe láti yàrá dé ibi ìdáná. Bàbá mi gbà pé ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀, ìdajì ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti jò dànù láti àtẹ́lẹsẹ̀. Ilé kejì sí tiwa ni ìyá Ìmísí ń gbé, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń rán aṣọ funfun fún àwọn ará ìjọ Aládùúrà. Láti àárọ̀ ni ẹ á ti máa gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Òun náà ni aṣáájú akọrin wọn. Bí wọ́n bá ń kọrin lọ́jọ́ Ìsinmi, gbogbo bàtà á wà lẹ́nu ọ̀nà, ìyá Ìmísí á sì máa fi ẹsẹ̀ òsì lu ilẹ̀ símẹ́ńtì, pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, gbogbo ìjọ á bá ẹsẹ̀ náà lọ. Mo máa ń yọjú wò wọ́n láti ojú fèrèsé, bàtà mi lẹ́sẹ̀, ìlara ń ṣe mí.

Ìmísí, ọmọkùnrin rẹ̀, jẹ́ ẹgbẹ́ mi, kíláàsì kan náà la sì wà. Bí a bá ti jáde nílé ẹ̀kọ́, ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Ráfíù ní Ojowo là ń gbà lọ tààrà. Ọ̀gá Ráfíù ló ń gbé sípíkà àti ẹ̀rọ orin lọ sí gbogbo òde tó bá súyọ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Lọ́jọ́ tí kò bá sí òde, á jẹ́ kí a fọwọ́ kan nǹkan, bí a bá ti nu ọwọ́ wa. Nínú iṣẹ́ náà, ohun tó le jù ni kí orin kan má tíì tán kí èkejì ti wọlé, kí ẹni tó ń jó má sì mọ̀ pé a ti pààrọ̀ ilẹ̀ lábẹ́ òun. Bí Ìmísí ṣe ń ṣe é rèé. Á bọ́ bàtà. Á fi ẹsẹ̀ ọ̀tún lu orin tó ń dún nínú sípíkà. Á fi ẹsẹ̀ òsì lu èyí tí òun nìkan ń gbọ́ nínú ẹdífóònù tó kì sétí. Á wá máa fi ọwọ́ dẹ eré orin kejì, tàbí kó lé e síwájú, títí ẹsẹ̀ méjèèjì á fi jọ balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà náà ni á tó tú u sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ lọ gbìyànjú ẹ̀ wò.

Èmi gbìyànjú ẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Ìmísí á rẹ́rìn-ín títí á fi di ikùn mú. “Ẹsẹ̀ tísà,” ló máa ń pè é, “ẹsẹ̀ tó ti sùn sínú bàtà.”

Ọ̀gá Ráfíù ti ń ṣọ́ ọ tipẹ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a jáde ìwé, ó sọ ọ́ lójú mi: àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ wa máa jó níbi àṣeyẹ ìparí ọdún, orin méjì ni wọ́n máa jó sí, Ìmísí ni kó so wọ́n pọ̀. Bí ọjọ́ náà bá yọrí sí rere, kó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ òun ní ọjọ́ kejì. Ìyá Ìmísí kò lágbára láti rán an lọ síwájú lẹ́nu ìwé, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ọjọ́ yẹn ni gbogbo ọjọ́ ọ̀la ọ̀rẹ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú rẹ̀ ni àbúrò bàbá mi ti Èkó dé, tó gbé míkísà kan wá fún mi. Míkísà ni ẹ̀rọ tí díjéè fi ń ti orin kan bọ inú èkejì. Èyí ní ojú kékeré méjì tí nọ́ńbà pupa ń tàn nínú wọn. Ó ń ka iye ìgbà tí ìlù orin kọ̀ọ̀kan ń dún láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ ò rí i bí mo ṣe ń yan. Mo ní kò tún sí pé à ń bọ́ bàtà mọ́. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá ti bára mu, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ìmísí wo nọ́ńbà náà títí, ó mi orí.

“Ẹni méjì lè jọ máa yára bákan náà, kẹ́sẹ̀ wọn má jọ balẹ̀,” ló wí. “Nọ́ńbà yìí mọ eré orin. Éè mọ ẹsẹ̀ ẹ̀, kò mọ ibi tó ń balẹ̀.”

Mo ní ìlara ló ń ṣe é. Ó ní a lè lo ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ àṣeyẹ nítorí pé ohùn rẹ̀ já gaara, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òun lòun máa fi kà á.

Ọjọ́ pé. Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n tẹ́ tábìlì wa sí, jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn kíláàsì, àwọn àlejò jókòó lábẹ́ àtíbàbà. Àwọn ọmọbìnrin jáde nínú aṣọ funfun, rìbọ́ọ̀nù lọ́wọ́ kálukú, wọ́n ń jó yípo. Bí orin kejì bá wọlé ni wọ́n máa tú yípo náà ká, tí wọ́n á tò ní ìlà méjì. Orin àkọ́kọ́ ti dé àárín nígbà tí sípíkà tó wà ní ìkángun pápá dákẹ́. Ìmísí bú sí eré láti lọ wo wáyà rẹ̀. “Dúró dè mí,” ló ní, “má fọwọ́ kàn án o.”

Mo dúró. Mo wo orin tó ń lọ sópin. Mo wo Ìmísí tó kúnlẹ̀ ti wáyà lọ́hùn-ún. Mo wá wo nọ́ńbà pupa: mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún lápá ọ̀tún, mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún lápá òsì. Wọ́n bára mu bí ìbejì. Mo ní kí gbogbo ayé wá wo ohun tí ọmọ tísà lè ṣe. Mo ti orin kejì bọ inú àkọ́kọ́.

Gbà-dà, gbà-dà, gbà-dà. Ìdajì àwọn ọmọbìnrin ń bá orin àkọ́kọ́ lọ, ìdajì ń bá èkejì lọ, àwọn tó wà láàárín kàn dúró gbọin. Ẹnì kan tẹ rìbọ́ọ̀nù ẹlòmíràn mọ́lẹ̀, àwọn mẹ́ta ṣubú lé ara wọn. Bàbá Fíkà, àlùfáà ìjọ wa, tó jókòó níwájú ṣì ń pàtẹ́wọ́ tirẹ̀ lọ, kò bá orin kankan nínú méjèèjì mu. Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣubú ń sunkún.

Ọ̀gá Ráfíù ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi, bàbá mi tẹ̀ lé e, ó ń tún awò ojú rẹ̀ ṣe.

“Lèsí fọwọ́ kàn án?” ni Ọ̀gá Ráfíù bi mí. Bẹ́ẹ̀ ni Ìjẹ̀bú ṣe ń béèrè pé ta ni.

Mo wo bàbá mi.

“Ìmísí ni,” mo ní. “Ó ti tò ó sílẹ̀ kó tó lọ, ó ní kí n kàn tì í.”

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìmísí ti dé ẹ̀yìn wọn nígbà yẹn, ó ń mí hẹ̀lẹ̀, eruku dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbọ́. Ó wò mí bí ẹni tó ń retí kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Bàbá mi wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán náà, ó pòṣé. Ọ̀gá Ráfíù wò mí, ó wo Ìmísí, mo sì rí i pé kò dá a lójú. Ṣùgbọ́n bàbá mi ló ń bá a kọ gbogbo lẹ́tà rẹ̀. “Ọmọ tísà éè purọ́,” ni Ọ̀gá Ráfíù wí nígbẹ̀yìn, ó sì yíjú kúrò. Ìmísí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú bàtà rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó lọ.

Ó yẹ kí n sáré tẹ̀ lé e. Ó yẹ kí n sọ òtítọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, tàbí lọ́jọ́ kejì. Mi ò sọ ọ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé ìyá rẹ̀ ṣì ń kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín bó ṣe máa ń kí mi, tó ń béèrè bóyá mo ti jẹun. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé Ìmísí kò sọ fún un. Kí oṣù náà tó parí, ó bá àbúrò ìyá rẹ̀ lọ sí ìhà Àbìgì, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi.

Èmi wọ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ díjéè níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù nọ́ńbà ń bà mí, ni mo bá bọ́ bàtà. Ó gbà mí ní ọdún kan gbáko kí ẹsẹ̀ mi tó jí. Kò pẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń pè mí ní Díjéè Aláìníbàtà, obìnrin tó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́ orin. Wọ́n á bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń ní èmi fúnra mi ni mo kọ́ ara mi. Mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo tún gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn.

Mo ti dé Àbìgì lẹ́ẹ̀kan. Mo dúró níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀, mo rí ọkùnrin kan tó kọ̀yìn sí mi, tó ń fi òòlù kan pákó, tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń lu ilẹ̀ bó ṣe ń kàn án. Mi ò pè é. Mo wọ mọ́tò tó gbé mi wá, mo padà sílé.

Mo dìde níbi ẹ̀gúsí, mo wọ yàrá lọ bá Tọ́lá. Ẹ̀rọ tirẹ̀ kò ju ìwé pẹlẹbẹ lọ, nọ́ńbà kún ojú rẹ̀ bámúbámú. “Àǹtí, wọ́n bára mu, ẹ wò ó,” ló ní, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mi ò ní kó jù ú nù. Nọ́ńbà kì í ṣe ọ̀tá ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ó kàn jẹ́ pé kò mọ̀ ju ohun tó mọ̀ lọ. Àwo orin ti lọ, ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Ráfíù ti di ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù, bàbá mi ti sùn nínú Olúwa. Ṣùgbọ́n bí orin méjì bá máa pàdé, ẹsẹ̀ wọn ṣì gbọ́dọ̀ jọ balẹ̀. Mo fi bébà bo nọ́ńbà náà. Mo ní kó bọ́ bàtà. Èmi náà bọ́ tèmi. A lu ilẹ̀ títí, ọ̀tún, òsì, ó ṣì í, ó tún un ṣe, àfi lójijì tí ariwo yẹn pòórá, tí orin méjì di ọ̀kan ṣoṣo lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.

Tọ́lá pariwo, ó dì mọ́ mi. Ó wá fi Ìjẹ̀bú yọ mí lẹ́nu: “Àǹtí, lèsí kọ́ yín?”

Ìdáhùn àtijọ́ ti wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì.

“Ìmísí ni,” mo ní.

Ọ̀rọ̀ kan náà tí mo sọ lábẹ́ igi máńgòrò lọ́jọ́ àṣeyẹ ni. Irọ́ ni nígbà yẹn, Ìmísí sì dúró síbẹ̀ tó gbọ́ ọ. Ó ti wá di òtítọ́ wàyí, òun kò sì sí níbẹ̀ láti gbọ́.