Ọjọ́ Tí Mo Jókòó Sójú Ọlọ

Aago méje àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, lọ́dún tí wọ́n tún ààlà pín kí a tó dìbò. Àwa mẹ́ta la dúró lórí àpáta abúlé wa, ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ Dáṣà: èmi akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀, Ìyá Mọníìkì tó dàgbà jù láàárín àwọn obìnrin, àti ọkùnrin tí ìjọba rán wá. Òkè tó gùn ti mú un làágùn.

"Mùsíọ̀ akọ̀wé, abà oko nìyí, kì í ṣe abúlé. Òdìkejì ààlà lẹ ó ti máa dìbò," ọkùnrin náà wí fún mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. A ò ní ní baálẹ̀ tiwa mọ́. Arúgbó tí kò lè sọ̀ kalẹ̀ òkè ti dìbò tán láyé rẹ̀ nìyẹn.

"Kí lẹ fi mọ̀ pé abà ni?" mo bi í.

"Ilé amọ̀ díẹ̀, ewúrẹ́ díẹ̀. Ta ló mọ̀ bóyá àná lẹ dé?"

Ìyá Mọníìkì rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, gbé bàtà ẹ kúrò lójú ọlọ ìyá ọkọ mi."

Ọkùnrin náà wolẹ̀. Ihò gígùn ló tẹ̀, èyí tí ọwọ́ àwọn obìnrin ti lọ̀ wọnú àpáta láti ìgbà tí àwọn baba ńlá wa ti sá fógun gòkè. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ìyá ọkọ ló ń fi í lé ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Èyí tí kò bá ti ní ẹni tó ń jókòó sí i, a máa ń sọ pé ilé náà ti kú.

"Òjò ló gbẹ́ ẹ," ó wí.

Háà! Ìyá Mọníìkì figbe ta, àwọn obìnrin sì tú jáde, tàwọn tàgbàdo, tàwọn tọmọ ọlọ. Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbé àgbàdo lọ sẹ́nu ẹ̀rọ ìlọgbàdo ní ìlú Tré, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ṣi ojú ọlọ rẹ̀ mọ̀. Gbogbo àpáta ń dún! Ìyàwó kékeré kan ń pariwo pé, "Màmá, báwo ni wọ́n ṣe ń dì í mú?"

Ọkùnrin náà ń wò wọ́n lọ, títí ó fi dé ọ̀kan tó ṣófo.

"Èyí ńkọ́? Òjò náà kọ́?"

Gbogbo wọn wojú mi. Ti ìyàwó mi tó ti kú ni. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo mú ọmọ ọlọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀.

"Ilé mi nìyí."

"Bàbá, ṣé ebè iṣu lẹ ń kọ ni?" ọ̀kan nínú àwọn obìnrin bi mí. Ẹ̀rín sọ. "Ẹ rọra, ẹ má fọ́ òkè!"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó dákẹ́, ó bọ́ bàtà rẹ̀ kó tó kọjá láàárín wọn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé abúlé ni wá.

Orí òkè la ti dìbò lọ́dún náà, Ìyá Mọníìkì ló sì kọ́kọ́ tẹ̀ka. Ẹni tí a dìbò fún kò wọlé. Kànga tí àwọn tó ń du ìbò ṣèlérí fún wa kò tíì dé, ẹ̀yin lẹ ó bèèrè rẹ̀.

Ní tèmi, láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí ọkùnrin náà lọ, mo fomi fọ ojú ọlọ ìyàwó mi, mo da àgbàdo sí i, mo sì jókòó. Kò sẹ́ni tó wá wò mí.