Ṣọ́kì Ẹ̀yìn àti Ìkúnlẹ̀ Ìyá Mi

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wa ti dàgbà. Bí èèyàn bá tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa fò sókè, fò sílẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ọmọ rẹ̀ yege. Ṣọ́kì ẹ̀yìn ló ti kú, àwọn irin gígùn tó wà nídìí táyà tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa jó. Ó ti mọ́ èmi àti ọkọ mi lára. Ìyá mi ni kò mọ́ lára.

Nígbà tí a gbé e lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Papalanto kẹ́yìn, kò sí kòtò ojú títì tí kò fi ìbàdí kí. Nígbà tí a máa fi débẹ̀, kò lè bẹ̀rẹ̀ rárá. Ó dúró ṣánṣán kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀! Obìnrin tó ti ń kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n yìí láti kékeré, tó ta àdìrẹ ní Ìtòkú títí orí rẹ̀ fi funfun. Ẹ̀gbọ́n kò sọ nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló sì dun ìyá mi. Láti ọjọ́ náà ni kò ti lọ síbẹ̀ mọ́.

"Ẹ tún ìdí ọkọ̀ yín ṣe," ló máa ń wí, "kí n lè lọ kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fi mí sílẹ̀."

Ni ọkọ mi bá ra ṣọ́kì tuntun. Àfi bí mẹ́káníìkì wa ṣe rìnrìn àjò lọ sílé àwọn àna rẹ̀. Ọkọ mi wò mí, mo wò ó. Mo ní, "Àwọn tó ń ṣe é, ṣé wọ́n lórí méjì ni?" Bí a ṣe di mẹ́káníìkì nìyẹn, láàárọ̀ Sátidé, níwájú ilé wa ní Aké.

A fi jáàkì gbé ọkọ̀, a fi ìtì igi tì í lábẹ́, a yọ táyà. Ọkọ mi tẹ́ ẹní, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Ó ní nọ́ọ̀tù tó de orí ṣọ́kì wà nínú búùtù, kí n ṣí i. Mo ṣí i. Yéè! Ìyá mi ti di ẹrù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ síbẹ̀ láti àná: gàrí, èlùbọ́, òróró, àdìrẹ. Bí wọ́n ṣe ń di igbá aṣọ ní Ìtòkú ló dì í, ìka kò lè wọ àárín rẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká kó o jáde díẹ̀."

"Ta ló máa tún un dì? Ìwọ tí o ò mọ gèlè ká?"

Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kó o jáde, ó wá jókòó tì í, ó ń ṣọ́ wa.

Nọ́ọ̀tù ti dípẹtà. Mo da kẹrosíìnì sí i, mo wọnú búùtù, mo ń fa sípánà. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń kí wa, "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Ọkọ mi ń dáhùn láti abẹ́ ọkọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí, ẹsẹ̀ náà ni wọ́n sì ń kí.

Bàbá tó dàgbà jù ládùúgbò wa ló wá dé. "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ọkọ mi mọ ohùn náà. Ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n kọ́ nílé ni, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ kí àgbà. Ó yí padà lábẹ́ ọkọ̀ kó lè dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ. Orí rẹ̀ gbá irin, gbàù! Ojú rẹ̀ bọ́ sínú abọ́ kẹrosíìnì tí a kó nọ́ọ̀tù sí. "Ẹ káàárọ̀ sà," ló ń wí láti inú kẹrosíìnì.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ó tó, ọmọ mi. Mo ti rí ẹsẹ̀ ẹ."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi ṣubú sínú búùtù. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, ó wá wo orúnkún ara rẹ̀. "Ẹ ò rí i? Ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀ dọ̀bálẹ̀." Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo padà sídìí nọ́ọ̀tù yẹn, mo fà á bí ẹni ń jà, ó sì tú.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ṣọ́kì méjèèjì ti wọlé. Ọkọ mi tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ó gòkè, ó dúró jẹ́ẹ́. Ọkọ̀ fi ijó sílẹ̀, àwa la gbà á jó.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a kan kòtò ńlá àkọ́kọ́ lọ́nà Papalanto, ìyá mi dijú, ó di ìjókòó mú.

"Ṣé ó ku díẹ̀ ká kàn án?"

"A ti kọjá ẹ̀, Màmá."

Ó lajú, ó bú sẹ́rìn-ín. Láti ibẹ̀, òun ló ń fi kòtò han ọkọ mi: "Ẹ gba ibẹ̀ yẹn, ẹ gbà á!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá. Ìyá mi kò gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó rìn lọ, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé o."

Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ sí i. "Dìde, àbúrò mi. Mo rò pé ò ń bínú sí mi ni."

Ìyá mi fẹ́ dìde, kò ṣeé ṣe. Ẹ̀gbọ́n jọ̀wọ́ ọ̀pá láti fà á, lòun náà bá rọra jókòó sílẹ̀. Àwọn arúgbó méjì dì mọ́ra wọn nílẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omijé ń dà. Ìyá mi wá gbójú sókè wo ọkọ mi.

"Kí lẹ ń wò? Ẹ gbé jáàkì wá!"